Ojú Ìwé Tó Kù Lórí Fóònù Màmá

"Àwọn aláìsàn ṣì ń béèrè dókítà wa tó ṣaláìsí," ni ọ̀gá sọ láti ẹnu ọ̀nà, kò wojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. "Ojú ìwé àtijọ́ ìkànnì wa ni fóònù wọn tọ́jú. Ṣé o ti tún un ṣe?"

"Ó ti parí, sà," ni obìnrin tó ń bójú tó ìkànnì ilé ìwòsàn náà dáhùn. Ó ti kọ àṣẹ sínú ìkànnì náà pé kí fóònù kankan má tọ́jú ojú ìwé náà mọ́. Fóònù tirẹ̀ ló fi dán an wò. Bó ṣe tún un ṣí báyìí, dókítà náà pòórá, àti fọ́tò àti orúkọ.

Ọ̀gá lọ. Fóònù dún.

"Ìyàwó mi," ni ìyá ọkọ rẹ̀ sọ, "wọ́n ní ẹ ti yọ ọmọ mi kúrò. Irọ́ ni o! Mi ò tíì pa ojú ìwé rẹ̀ dé lórí fóònù mi láti ọjọ́ yẹn. Ó ń rẹ́rìn-ín níbí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí."

Obìnrin náà ti gbé àpò kọ́ èjìká.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa dátà, ẹ má tẹ nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kó lọ kí n tó dé."