Odò Tí Kì-í-Parọ́ Yọ Kúrò Nínú Máàpù

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú fo ìtàn yìí. Ẹ kà á tán, kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ẹni tó gbọ́n jù nínú ẹbí yín.

1. Oníṣirò kan wà ní oríléeṣẹ́ ológun. "Kọ̀ǹpútà kì í parọ́" kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Kì-í-Parọ́. Wọ́n ní kó fi kọ̀ǹpútà ṣírò ibi tó yẹ kí àwọn ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ọmọ ogun wà, kí ọ̀nà má baà jìn jù fún àwọn ọ̀dọ́, kí ọ́fíìsì má sì pọ̀ jù. Ó mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n odò àti afárá ń jẹ́ kí ìṣirò náà falẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ kí ọ̀gá yin òun pé ọwọ́ òun yá. Ó yọ odò kúrò, ó ní kí kọ̀ǹpútà máa wọn ọ̀nà bí ẹyẹ ṣe ń fò.

Kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n ti ọ́fíìsì ìlú ìyá rẹ̀ pa, torí òmíràn wà nítòsí, ní òdìkejì odò. Odò tí òun fúnra rẹ̀ wẹ̀ dàgbà ni o. Wọ́n sì ti ọ́fíìsì náà pa.

2. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá wọn. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wù ú láti máa tọ́jú àwọn ọmọ ogun. Tí ọdún yìí bá kọjá, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ní gbà á láyè láti wọṣẹ́ ológun mọ́. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ọkọ̀ ojú omi kì í ṣiṣẹ́ níbí lásìkò òjò. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Ẹ wá wò ó ná."

"Kí ni mo fẹ́ wá wò? Kọ̀ǹpútà ti bá mi wò ó."

"Ṣé kọ̀ǹpútà yín mọ odò wẹ̀ ni?"

Kì-í-Parọ́ rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù.

3. Òjò dé, ọkọ̀ ojú omi dúró. Àbúrò rẹ̀ ń retí kí omi fà, omi ò fà. Lọ́jọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí, ó gba ọ̀nà afárá tó jìn réré. Kó tó débẹ̀, wọ́n ti ti géètì ọ́fíìsì òdìkejì odò. Ó tún pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń sunkún.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kì í ṣe èmi nìkan. A pọ̀ níwájú géètì yìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Kì-í-Parọ́ wọra. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ó lè dákẹ́, kó ní òjò ló fà á. Ta ni ì bá mọ̀? Ṣùgbọ́n ó lọ bá ọ̀gá àgbà.

"Ọ̀gá, èmi ni mo yọ odò kúrò. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti àwọn tó pẹ́ dé géètì."

Ọ̀gá dá a lóhùn. "Láti òní, o kì í ṣe olórí ẹ̀ka yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ni wàá tún un ṣe, tòdò tòjò. A máa ṣílẹ̀kùn padà fún àwọn tí odò dá dúró."

4. Wọ́n ṣí ọ́fíìsì ìlú náà padà, wọ́n sì gba àbúrò rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ aṣọ ológun, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí odò, tó ń wo bí omi ṣe ń lọ.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé kọ̀ǹpútà yín ti wá mọ odò wẹ̀ báyìí?"

"Ó ti mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo tún lọ kọ́ ọ."

Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sí ọ́fíìsì pinnu ọ̀nà fún ọmọ ọlọ́mọ, ẹ ṣọ́ra. Ìṣirò kò burú. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ yọ kúrò kí iṣẹ́ lè yá, ẹnì kan ṣì máa bá a pàdé lójú ọ̀nà. Ẹ béèrè, kí ẹ sì lọ wò ó. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tí kò béèrè ló ń pọ́n ara rẹ̀ lójú.