Òpó Tí Bándélé Kọ̀ Láti Rì Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin onílé, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ìṣẹ́jú kan péré ni aburú inú rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ẹkún rẹ̀ kò tíì dá títí dòní.

1.
Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Bándélé, ó sì kọ́ ilé tirẹ̀ sí Akobo. Èèyàn dáadáa ni. Ó fẹ́ràn ìyàwó, ó fẹ́ràn ọmọ. Àléébù kan ló ní: kò sí ọjà tí wọ́n dá iye lé tí kò ní í sọ pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Bó bá ra nǹkan ní owó pọ́ọ́kú, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni yóò fi máa ròyìn rẹ̀ níbi iṣẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ṣemílóore, àkọ́bí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń jù sínú òrùka irin olójú àwọ̀n, ni ayé ọmọ náà. Olùkọ́ wọn ti sọ pé bó bá ń fi kọ́ra lójoojúmọ́, wọn yóò mú un sínú ẹgbẹ́ tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀. Bodija ló ti ń lọ ṣeré, ilẹ̀ a sì ti ṣú kó tó délé. Ni Bándélé bá ní òun yóò ṣe irú òrùka bẹ́ẹ̀ kan fún un sínú ọgbà. Èrò rere ni. Ẹ má gbàgbé pé èrò rere ni.

2.
Ó dé ilé ìtajà kan ní Challenge, ó rí òrùka tuntun tó ní òpó tirẹ̀. Ó gbọ́ iye rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó jáde. Ní Oke Ado ló ti rí tòkunbọ̀, òrùka àti pátákó ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan, kò sí òpó. Pátákó náà wúwo débi pé èèyàn méjì ló gbé e sínú ọkọ̀.

Ó pe Kabir, wẹ́dà ará Baṣọ̀run tó ṣe géètì ilé wọn. Kabir wo ọgbà yí ká.

“Alàgbà, nǹkan yìí gbọ́dọ̀ ní òpó tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ kòtò tó mu èèyàn dé itan, ká rì í, ká da kọnkéré sí i, ká sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kó gan.”

“Òpó wo là ń wá kiri nígbà tí òpó wà nílẹ̀?” Bándélé nawọ́ sí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí táńkì omi wọn dúró lé. “Jó o mọ́ ibẹ̀ yẹn.”

Kabir bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi èékánná họ ẹsẹ̀ irin náà. Ìpẹtà já sí i lọ́wọ́. “Ẹrù tó dúró jẹ́ẹ́ ni wọ́n ṣe irin yìí fún, sà. Bọ́ọ̀lù yóò máa gbá a lójoojúmọ́, yóò máa gbọ̀n. Bó ṣe ń rẹ èèyàn ló ń rẹ irin náà.”

“Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, bẹ́ ẹ bá ti rí ilé ńlá, iṣẹ́ kékeré ò tó yín ṣe mọ́.”

“Mi ò lè jó o síbẹ̀, sà. Ẹ má bínú.” Kabir kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, wẹ́dà mìíràn létí títì bá a jó o. Kò tó wákàtí méjì tó fi parí.

3.
Bándélé ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sórí wásáàpù àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ọgbọ́n ju owó lọ.” Ṣemílóore ń ju bọ́ọ̀lù sí i láàárọ̀, ó ń jù ú nírọ̀lẹ́. Inú ọmọ dùn, inú bàbá dùn.

Nínú oṣù kejì, Ọlárónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ rí i pé omi ń kán níbi tí páìpù ti wọ inú táńkì.

“Dádì Ṣemílóore, nǹkan yìí ń mì o. Ẹ pe Kabir kó wá wò ó.”

“Páìpù ló ń jò. Mo máa lẹ̀ ẹ́.”

“Mi ò sọ ti páìpù. Ẹ pe Kabir.”

 Bándélé náà ti rí i pé irin ń mì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti wá orúkọ Kabir jáde lórí fóònù, ṣùgbọ́n bó bá ti rò ó pé Kabir yóò dúró níwájú òun, yóò máa mi orí, a gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: lásìkò yìí, owó kọ́ ló ń dá a dúró mọ́. Ojú ló ń tì í.

Ó ra gọ́ọ̀mù, ó lẹ páìpù. Ọlárónkẹ́ kìlọ̀ fún Ṣemílóore pé kò gbọdọ̀ rọ̀ mọ́ òrùka náà láé.

4.
Ọ̀sán Sátidé kan, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa omi kún táńkì, Ọlárónkẹ́ sì ti lọ sọ́jà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Sàláwù tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti kọ ọ́ sórí wásáàpù pé irú nǹkan pọ́ọ́kú báyẹn, bí ológbò bá rọ̀ mọ́ ọn, yóò já. Ọ̀rọ̀ náà dun Bándélé. Ó jáde pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

“Ṣemílóore, gun àpótí yẹn, di òrùka mú, kí n yà ọ́.”

“Mọ́mì ní kí n má rọ̀ mọ́ ọn.”

“Èmi ni mo ní kí o dì í mú. Irin ni.”

Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni. Ó gun àpótí, ó fọwọ́ méjèèjì di òrùka mú, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó rẹ́rìn-ín sí bàbá rẹ̀. Bándélé tẹ fóònù.

Ẹsẹ̀ irin kan kán níbi tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Táńkì fì, ó wó, gbogbo irin tẹ̀lé e. Omi gbé àpótí dé ẹnu géètì. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò fi máa gbé irin kúrò lórí ọmọ náà, apá ọ̀tún Ṣemílóore ti rún láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́.

5.
Wọn ò gé e. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n apá náà kò nà mọ́, ìka mẹ́ta kò sì ká. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣa àwọn ọmọ tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà.

“Dádì, ṣé fọ́tò yẹn jáde?”

“Ó jáde.”

“Ṣé ẹ ti fi ránṣẹ́ sí wọn?”

Bándélé yí fóònù rẹ̀ dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ náà kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ nǹkan, ìyá rẹ̀ ló ń sọ fún.

Lẹ́yìn oṣù kan, Bándélé lọ bá Kabir pé kó wá gé àwókù irin náà kúrò nínú ọgbà. Ó ń retí kó bú òun. Kabir kò bú u. Ó gé irin náà tán, ó jókòó lé e, ó ní, “Ká ní mo mọ̀ pé ẹ máa pe ẹlòmíràn, ǹ bá ti lọ sọ fún ìyá ọmọ.”

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá fẹ́ ṣọ́ owó ná, ẹ ṣọ́ ọ ná níbi aṣọ, níbi àga, níbi ọ̀dà ilé. Ẹ má ṣọ́ ọ ná níbi ohun tí ọmọ yóò rọ̀ mọ́, tàbí tí yóò dúró sábẹ́ rẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá kọ owó yín nítorí pé iṣẹ́ náà léwu, ẹ béèrè ohun tó rí. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ pe ẹni tó kìlọ̀ fún yín padà, kí ojú tì yín, kí ọmọ yín yè. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.