Àmín Tí Akínbíyìí Kò Ṣe

Irọ́ ni. Bá mi sọ fún Kàmọ́rù, níbikíbi tó bá sá sí, pé irọ́ ló ń pa. Ó ní sáyẹ́ǹsì nìkan ló lè tún ayé ṣe, pé àdúrà ò ju ariwo ẹnu lọ. Kí ló mọ̀? Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, mo sì ti rìn dé Àgádésì nínú aṣálẹ̀ lọ́hùn-ún, ibi tí àwọn tó kà á tán ò dé. Mo wà l'Ágbowó nígbà tí sáyẹ́ǹsì àti àdúrà jọ bọ́ sínú kànga kan náà. Jókòó.

Kànga yẹn wà láàárín ilé Moróunkẹ́ àti ilé Akínbíyìí. Opó ni Moróunkẹ́, ará Ṣakí, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Jẹ́jẹ́lọlá, òun ni wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Jẹ́jẹ́. Akínbíyìí wa tírélà títí ojú fi rẹ̀ ẹ́, ó wá jókòó sílé. Gbogbo àdúgbò ló ń mu omi kànga náà, torí ẹ̀rọ ìjọba ti gbẹ tipẹ́.

Àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn. Nígbà tí Moróunkẹ́ ń sáré kọ́ yàrá àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tó wọlé, Akínbíyìí wá dúró níbi ìpìlẹ̀, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan. Obìnrin náà ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ní ìlara ilé opó ló ń ṣe é, kó kúrò lórí ilẹ̀ òun. Ọkùnrin náà lọ. Yàrá parí, wọ́n kùn ún ní funfun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún inú rẹ̀.

Nígbà tí òjò dé, omi kànga bẹ̀rẹ̀ sí í rùn díẹ̀. Wọ́n ń da álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n ń mu ún. Onígbáméjì wọ àdúgbò. Ó mú ẹnì kan, ó fi í sílẹ̀, ó mú òmíràn, ó fi í sílẹ̀. Ó mú Jẹ́jẹ́lọlá, kò fi í sílẹ̀. Aṣọ ìgbéyàwó ọmọ náà ṣì wà lọ́dọ̀ télọ̀.

Dókítà ní omi ni, pé ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹnì kan ló ń jò sínú kànga. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀, Moróunkẹ́ ò sunkún mọ́. Ilé Akínbíyìí ló ń wò.

Ó pe àdúgbò jọ. Níbẹ̀, bí mùsùlùmí bá fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ ìpàdé, onígbàgbọ́ ló ń parí rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n pa á pọ̀. Àfáà Sùrájù gbé ọwọ́ sókè, Moróunkẹ́ sì ń sọ ohun tó ń fẹ́.

"Ẹni tí ìdọ̀tí ilé rẹ̀ pa ọmọ mi, kí ilé rẹ̀ di ahoro. Kó máà rí ẹni sin ín."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Akínbíyìí pa ẹnu mọ́. Ní àdúgbò yẹn, ẹni tí kò bá ṣe àmín sí èpè, wọn kì í bi í ní nǹkan kan mọ́, òun ló jẹ̀bi nìyẹn. Ìyàwó Àfáà sún àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Akínbíyìí.

"Bàbá onítírélà," ni Mánsúrù tó ń ta búrẹ́dì wí, "ṣé eyín ló ń dùn yín ni, àbí àmín ló wúwo?"

Lẹ́yìn ìpàdé, Akínbíyìí lọ bẹ Moróunkẹ́ pé kó kó èpè náà kúrò nílẹ̀. Ó ní kí wọ́n dí kànga, òun á gbẹ́ òmíràn síbòmíràn, òun ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi lẹ fẹ́ fi iyẹ̀pẹ̀ bò," ni obìnrin náà wí. "Ẹ máa mu nínú rẹ̀ ná."

Bọ́láwárìn, tíṣà Yunifásítì kan tó háyà ilé sí àdúgbò náà, ló ní àdúrà ti tó, kí wọ́n jẹ́ kí sáyẹ́ǹsì sọ̀rọ̀. Ó gbé ìyẹ̀fun aláwọ̀ wá. Ilé méjèèjì yẹn ló sún mọ́ kànga jù, nítorí náà ó da pupa sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ Akínbíyìí, ó da aláwọ̀ ewé sí ti Moróunkẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ó ṣègbè. Moróunkẹ́ fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó ní kó dà á dáadáa, kí Akínbíyìí má baà rí àwáwí wí. Gbogbo àdúgbò fọwọ́ sí i pé ẹni tí àwọ̀ tirẹ̀ bá jáde nínú omi kànga á mu ife kan níbẹ̀ lójú wọn, á sì kó kúrò l'Ágbowó.

Òjò rọ̀ dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Láàárọ̀ Sátidé, èrò yí kànga ká. Moróunkẹ́ mú ife Jẹ́jẹ́lọlá wá, ó fi lé Akínbíyìí lọ́wọ́. Bọ́láwárìn fẹ́ fa omi, obìnrin náà ní rárá, ọwọ́ òun ló máa fà á. Akínbíyìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀.

"Ìyá Jẹ́jẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fà á. Ẹ jẹ́ kí n kó lọ bẹ́ẹ̀."

"Ó ti jẹ́wọ́," ni Mánsúrù wí.

Moróunkẹ́ rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó ju garawa sínú kànga, ó ń fa okùn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí adùn ẹnu rẹ̀ tètè tán.

Garawa yọ sókè, omi inú rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé, bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún. Òùngbẹ ń gbẹ mí o, dìde, lọ ra mínírà tútù fún mi.