Bọ́ǹbù Ọ̀fẹ́

“Bọ́ǹbù!” ni olùdarí eré rédíò náà ké.

Ẹni tó ń bá wọn ṣe ìró kò fọwọ́ kan páànù tó fi ń dún bíi bọ́ǹbù. Ọ̀lẹ ni, òun náà sì mọ̀. Fèrèsé ló ṣí, ogun tó ń jà níta bá a ṣe é.

“O káre! Ó yá, gbé akọni wa padà sígbà tí ogun ò tíì dé.”

Ó yí táyà kẹ̀kẹ́ tó jogún lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tó fi ń ṣe ìró àkókò tó ń padà, sẹ́yìn. Níta, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́.

“Ta ló ní kó o dá ogun dúró?”

“Èmi tí mo máa ń sá fún eku, ọ̀gá?”

Ó yọjú lójú fèrèsé. Ìyá rẹ̀, tí bọ́ǹbù pa lọ́dún tó kọjá, ń sá aṣọ nísàlẹ̀. Ìyá náà pariwo sókè sí i:

“Ọ̀lẹ! Táyà kẹ̀kẹ́ mi dà?”