Fìtílà Tó Yọ Lẹ́yìn Ìbídùnní

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ogún ọdún ni Ìbídùnní, onímọ̀ nípa ẹranko, ti fi ń ṣọ́ ẹyin ìjàpá òkun ní etíkun Ìlàjẹ, táwọn ará ibẹ̀ fi ń pè é ní ìyàwó ìjàpá. Lóru ọjọ́ yìí, àwọn ọmọ ìjàpá ń yọ jáde nínú iyanrìn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà ni wọ́n ń rá lọ, wọ́n á rò pé òkun ló ń dán. Ìdí nìyí tí Ìbídùnní kì í fi í tan iná.

Ìgbì òkun ṣàdédé dákẹ́. Fìtílà kan tàn lẹ́yìn rẹ̀, níhà igbó tí ikú ń dúró dè wọ́n, tí wọn ò ti lè rí omi, gbogbo ọmọ ìjàpá sì kọrí síbẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa iná yẹn!" ni Ìbídùnní ké, ó rò pé apẹja àgbà kan ló gbé e.

"Ọmọ mi, tèmi ni wọ́n," ohùn kan dáhùn. Kò sẹ́ni tó gbé fìtílà náà dání.

Ìbídùnní bọ́ ìborùn rẹ̀, ó ta á bí aṣọ ìkélé. Ìmọ́lẹ̀ náà là á kọjá, òjìji kankan ò sí nílẹ̀. Síbẹ̀, kò yẹ̀.

"Bó bá jẹ́ tiyín ni, ẹ gbé iná yín lọ sórí omi! Ẹ ò ní gba ibí kó wọn lọ!"

Fìtílà náà rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tutù bí omi àmù, ó ń lọ lórí òkun. Àwọn ọmọ ìjàpá yí padà, wọ́n tẹ̀ lé e wọnú omi. Lọ́ọ̀ọ́kán, ó dúró.

"Ìwọ náà ńkọ́, ọmọ mi?"

"Ihò ẹyin mẹ́ta ṣì wà níbí tí mo ń ṣọ́," ni Ìbídùnní wí, ó sì jókòó.