Bí Gbénró Ṣe Kéde Ikú Alààyè

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ bá mi kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì kà á fún ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, pàápàá ẹni tó máa ń sọ pé kò sóhun tí òun kò mọ̀.

1.
Ní ọdún 1998, Gbénró ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Igbó-Ọrà. Ibẹ̀ ló ti ń tẹ ìwé ìròyìn kékeré kan tí wọ́n ń kà káàkiri Ìbàràpá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ọkùnrin náà láyà. Nígbà tí àwọn èèyàn ní ìwé ìròyìn kò lè dúró ní ìlú kékeré, ó ní, "Ẹ máa wò mí." Ìwé náà sì dúró.

Ọláníyì, àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn, ló ṣe ètò ìwé náà sínú ẹ̀rọ. Abala mẹ́rin ló ní: ìròyìn, ọjà, ìkíni, àti ìkéde òkú. Abala kọ̀ọ̀kan ní ètò tirẹ̀. Ti ọjà, ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ ni yóò jáde. Ti òkú kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kò ní gbé e sórí ìwé àfi tí ẹnìkejì bá kà á tó sì fọwọ́ sí i.

Ọláníyì kìlọ̀ fún un. "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá fẹ́ yí ètò abala kan, inú abala yẹn ni kí ẹ lọ. Èyí tó wà lókè yìí, gbogbo abala ló ń pàṣẹ fún. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ohun tí ẹ bá sì máa yí, ẹ kọ bó ṣe wà sílẹ̀ kí ẹ tó yí i."

Gbénró rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mo ra ẹ̀rọ, ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ bí mo ṣe máa lò ó?"

2.
Tinúkẹ́ ni ẹnìkejì tó ń ka ìwé náà. Ní ọjọ́ kan, ìkíni, tí òun náà máa ń dúró de ìfọwọ́sí rẹ̀, pọ̀ rẹpẹtẹ, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbénró kò lè dúró. Ó jókòó ti ẹ̀rọ, ó lọ tààrà sí ètò òkè láti yọ ìfọwọ́sí ẹnìkejì kúrò.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ti ìkíni wà nísàlẹ̀," Tinúkẹ́ ní. "Èyí tí ẹ wà yẹn máa kan ti òkú."

"Ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ bó ṣe wà sílẹ̀ nígbà náà."

"Kọ kí ni? Orí mi ni mo fi ń rántí nǹkan."

Ẹ̀rọ bi í bóyá ó dá a lójú. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ìkíni jáde lẹ́ẹ̀kan náà, inú rẹ̀ sì dùn.

Ní ọjọ́ kejì, ó fẹ́ dá ètò náà padà. Kò rántí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wà mọ́, ojú sì ń tì í láti béèrè. Nígbà tí Tinúkẹ́ bi í, ó ní òun ti dá a padà. Irọ́ ni.

3.
Kò pẹ́ sígbà náà, Bàbá Táyé Ògúnwùmí kú ní abúlé rẹ̀. Kẹ́hìndé, ọdẹ, tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì, ló fi ìwé ìkéde ránṣẹ́. Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà nínú ìwé náà: ẹni tó lọ, àti ẹni tó ń kéde. Gbénró tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì ṣi orúkọ gbé. Tinúkẹ́ rò pé ẹ̀rọ yóò dúró de òun. Kò dúró. Kẹ́hìndé Ògúnwùmí ló jáde nínú àpótí dúdú tí wọ́n fi ń kéde òkú.

Àjíkẹ́, ọmọ Kẹ́hìndé, jẹ́ olùkọ́ ní Èrúwà. Ó ti gbọ́ ikú Bàbá Táyé. Nígbà tó wá rí orúkọ bàbá rẹ̀, ó gbà pé bàbá òun ti tẹ̀lé ìkejì rẹ̀ lọ. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó gun ọ̀kadà nínú òjò, ó ní kí ọlọ́kadà má dẹwọ́. Wọ́n ṣubú lórí afárá kékeré kan. Ọlọ́kadà dìde. Ẹsẹ̀ Àjíkẹ́ ṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Láti ọjọ́ náà, kò fi ẹsẹ̀ rìn mọ́ láìsí ọ̀pá.

4.
Bàbá Kẹ́hìndé fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù náà.

"Gbénró, èmi rèé. Fọwọ́ kàn mí."

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ ló ṣe é."

"Ta ló sọ fún ẹ̀rọ pé kó má dúró?"

Gbénró bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé orí tábìlì.

"N kò béèrè owó lọ́wọ́ rẹ," bàbá ní. "Kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ pé mo wà láàyè, pé ìwọ Gbénró lo ṣi í kọ. Kí ọmọ mi rí i kà."

"Màá kọ ọ́ pé ẹ wà láàyè. Orúkọ tèmi kò ní sí níbẹ̀. Èmi kì í bẹ ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí."

Tinúkẹ́ dìde. "Ẹ sọ fún mi pé ẹ ti dá a padà, ọ̀gá. Mo gbà yín gbọ́." Ó kúnlẹ̀ fún bàbá. "Èmi ló yẹ kí n kà á. Ẹ fi jì mí, bàbá." Ó mú báàgì rẹ̀, ó tẹ̀lé bàbá jáde láti lọ wo Àjíkẹ́. Kò padà sí ṣọ́ọ̀bù náà mọ́.

5.
Gbénró kò rọ̀. Ó tẹ ìwé mẹ́rin sí i. Kò sẹ́ni tó mú ìkéde òkú wá, kò sẹ́ni tó mú ti ọmọ tuntun wá. Ta ni yóò fi orúkọ ìyá tirẹ̀ tó wà láàyè lé Gbénró lọ́wọ́?

Nígbẹ̀yìn, ó ránṣẹ́ pe Ọláníyì. Ọláníyì jókòó ti ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó sì dìde.

"Mo ti tò ó padà, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ́ ni àwọn èèyàn kò fọkàn tán mọ́."

Gbénró ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà pa kí ọdún tó yí. Títí di òní, ó ṣì ń sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe é, kódà fún ẹni tí kò bi í.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí ẹ tó yí ohun tí ẹlòmíràn tò, ẹ kọ bó ṣe wà sílẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá ti ṣì í, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ dárúkọ ara yín. Ìtìjú ọjọ́ kan kì í pa ènìyàn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.