Ààwẹ̀ Tí Abdulmuiz Kò Gbà

1.
Kẹ̀kẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ já Abdulmuiz sílẹ̀ níwájú ilé wọn ní Mabera, lókè Ọya ni. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ti ń bọ̀, níbi tó ti ń sáré irinwó mítà. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, òun ló kẹ́yìn níbi ìdíje. Kóòṣì sọ lójú gbogbo wọn pé, "Ìwọ lo bà á jẹ́ fún wa." Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò wọ ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Bó bá ti ń so okùn bàtà ìsáré rẹ̀, àyà rẹ̀ á máa já.

Ìyá rẹ̀ gbé ìrẹsì wá.

"Ẹ ṣé, Màmá. Mo ń gbààwẹ̀."

Bàbá rẹ̀, Àlhájì Tàjúdíìn, ará Ìlọrin tó ń ta táyà, gbọ́ ọ. Ọjọ́ Ajé ni; òun àti Ọjọ́bọ̀ ni àwọn Mùsùlùmí máa ń gba ààwẹ̀ tí kì í ṣe dandan. "Màṣá Allah! Eléré tó tún ń gba ààwẹ̀ nọ́fílà!"

2.
Ọjọ́ Ajé di Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀ di ojoojúmọ́. Àlhájì ròyìn ọmọ rẹ̀ kárí mọ́sálásí. Mamman, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, fi ṣe ẹ̀fẹ̀: "Àlhájì, ọmọ yìí á di màlámù o! Ṣòkòtò rẹ̀ ti ń já bọ́."

Àlhájì rẹ́rìn-ín. Kò wo ṣòkòtò náà.

Fathiat, àbúrò Abdulmuiz, wò ó. Ó rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ti fi ìṣó lu ihò tuntun mẹ́ta sí bẹ́líìtì. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, ó rí i tó ń mu omi lẹ́yìn ilé. Ẹ̀rù bà á, ó lọ sọ fún bàbá wọn.

3.
Àlhájì ránṣẹ́ pè é wá sí ṣọ́ọ̀bù, níwájú àwọn oníbàárà.

"Muiz! O ní o ń gbààwẹ̀, o ń mu omi? Mùnááfíkì! Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Kì í ṣe ààwẹ̀. Oúnjẹ ni ò wọlé. Mi ò rí oorun sùn. Tí mo bá jí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n má jí."

"Haba! Kí ló ṣe ọ́? Torí eré lásán? Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń ti ọmọlanke ní Tudun Wada!"

Àlhájì yíjú sí àwọn oníbàárà rẹ̀ kí Abdulmuiz tó dáhùn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin kóòṣì, bí ọmọ ò bá jẹun mọ́, ẹ má tètè yìn ín, ẹ má sì tètè bú u. Ẹ bi í léèrè, kí ẹ jókòó gbọ́ ìdáhùn, kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àlhájì béèrè, kò dúró gbọ́. Oṣù kẹrin nìyí tó ti ń wá ọmọ náà kiri, kó lè bi í léèrè.

Lọ́jọ́ náà, Abdulmuiz bọ́ bàtà ìsáré rẹ̀, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn táyà bí ẹni ń pàtẹ ọjà. Ó fi ẹsẹ̀ lásán gba ọ̀nà Kasarawa jáde kúrò nílùú. Kò dágbére.